Àpólò Kọ́ Ló Ń Ṣe Ọmọ Iṣẹ́ Wẹ́dà Yẹn

Kò sí bí èèyàn ṣe máa rìn ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó títí lọ sí Lábíran, tí kò ní gbọ́ igbe ẹ̀rọ fáìlì lórí irin, tí kò sì ní rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó ń kọ mànà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì. Àwọn wẹ́dà ni. Géètì, ilẹ̀kùn, irin fèrèsé, irin tí wọ́n ń gbé táǹkì omi lé, ọwọ́ wọn ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde. Iṣẹ́ wọn wù mí púpọ̀. Ohun tí kò wù mí ni ẹni tí mo máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá: ọmọ iṣẹ́ tí kò ju ọmọ ọdún 14 tàbí 15 lọ, tó di irin mú fún ọ̀gá kó lè jó o, tó dijú, tó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sì sí nǹkan kan lójú ẹ̀.

Èrò mi ò gùn: ìbòjú ló yẹ kó jẹ́ irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà máa gbà, lọ́jọ́ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù gan-an, kì í ṣe lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù. Kẹ́mísìrì ni mò ń kà fún oyè másítà, ẹ jẹ́ n fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí pé iná yìí máa ń tan èèyàn jẹ.

Ìyà tó ń dé lóru

Tí electrode bá kan irin, tí wẹ́dà sì fà á sẹ́yìn díẹ̀, iná mànàmáná á fo àlàfo kékeré tó wà láàárín wọn. Ibẹ̀ lè gbóná tó 5,000 sí 6,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ojú oòrùn fúnra ẹ̀ ò ju nǹkan bí 5,500 lọ. Ohun tó bá gbóná bí oòrùn á tàn bí oòrùn, á sì máa tú ìtànṣán tí ojú wa ò lè rí jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní ultraviolet. Oòrùn náà ń tú u jáde, ṣùgbọ́n ozone tó wà lókè lọ́hùn-ún ń dá èyí tó burú jù nínú ẹ̀ dúró, oòrùn sì fi nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà jìnnà sí wa. Ti wẹ́dà ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ni, kò sì sí ozone kankan láàárín.

Cornea, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ló ń gba ìtànṣán yìí sára, ó sì máa ń jó o. Ṣùgbọ́n kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 6 sí 12 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó di irin mú láago 2 ọ̀sán á jẹun alẹ́ tán, á sùn, á wá jí láàárín òru bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn sí lójú. Ojú á pọ́n, omi á máa dà, kò ní lè wo iná. Kí ni wọ́n máa sọ nílé? "Àpólò ló mú un."

Ṣé ẹ mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá? Ní 1969, ọdún tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, àrùn ojú kan tó ń ràn bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, àwọn èèyàn sì fi orúkọ ọkọ̀ náà pè é. Fáírọ́ọ̀sì ló fa ìyẹn. Ti ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà kì í ràn, kò sí kòkòrò kankan nínú ẹ̀. Iná ló jó o lójú. Wọ́n á kán omi ọmú sí i, tàbí oògùn tí wọ́n ṣáà rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Láàárín ọjọ́ 1 sí 2, cornea á tún ara ẹ̀ ṣe, wọ́n á ní oògùn ló ṣiṣẹ́. Ọmọ á padà sí ṣọ́ọ̀bù, á tún di irin mú. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹran lè máa hù sórí ẹyinjú, ojú fúnra ẹ̀ sì lè di bàìbàì.

Ibà tí kì í ṣe ti ẹ̀fọn

Èéfín náà ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tiẹ̀. Páìpù galvanized tí a fi ń ṣe irin táǹkì, zinc ni wọ́n fi bò ó kó má baà dípẹtà. Zinc máa ń hó ní 907 Celsius, irin ò sì ní yọ́ títí á fi tó nǹkan bí 1,500. Ìyẹn ni pé kí irin tó yọ́, zinc ti di èéfín funfun. Ẹni tó bá fà á símú dáadáa, ní nǹkan bíi wákàtí 4 sí 12 lẹ́yìn náà, òtútù á mú un, ara á máa ro ó, orí á máa fọ́ ọ, ẹnu ẹ̀ á máa ta bí ẹni tó lá irin. Ta ló máa rí i n'Ìbàdàn tí kò ní sọ pé ibà ni? Àgbo dé nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ 1 tàbí 2, ara á yá, àgbo á gba ògo. Àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ibà ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń pè é, torí ara máa ń mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀, á sì gbàgbé ẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè.

Àwọn kan á ní mílíìkì alágolo ń fọ èéfín náà kúrò lára. Ẹ gbà mí o! Ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé?

Èyí tó le jù ò tiẹ̀ ní àmì kankan lóru. Ní 2017, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kéde pé èéfín wẹ́dà ń fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì fi í sí ìsọ̀rí 1, níbi tí sìgá wà. Kò túmọ̀ sí pé ewu wọn tóbi bákan náà o. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ dájú. Ní 2019, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́ ní Brítéènì sọ pé òun ò ní gbà mọ́ kí ẹnikẹ́ni máa jórin nínú ilé láìsí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde.

Àwọn àgbà ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, torí pé èsìsì kì í fi ìyà ẹ̀ pamọ́. Iná wẹ́dà ń fi tiẹ̀ pamọ́ di òru, ó sì ń wá pẹ̀lú orúkọ olórúkọ: Àpólò, ibà. Ìdí nìyẹn tó fi ń jó ọmọ kan náà lóṣooṣù tí ẹnikẹ́ni ò fura.

Ẹ má pè wọ́n ní òmùgọ̀

Àwọn wẹ́dà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ìdí tiwọn. Gíláàsì ìbòjú dúdú débi pé kí iná tó tàn, wọn ò ní rí ojú irin rárá. Ó ń mú ooru. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú, ó ti gba ọwọ́ kan. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì ìgbafẹ́ tí wọ́n ń lò dípò ẹ̀ ò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Gíláàsì wẹ́dà máa ń ní nọ́ńbà: fún iná electrode, láti 10 sí 13. Ti ìgbafẹ́ ò sún mọ́ ọn rárá, ìtànṣán sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ti ọmọ iṣẹ́ wá yàtọ̀, torí òun kì í ṣe ẹni tó ń jórin. Ìmọ́lẹ̀ ní òfin kan: tí ẹ bá fi ìlọ́po 2 jìnnà sí i, èyí tó ń kàn yín á dín kù di ìdá 1 nínú 4, tó bá jẹ́ ìlọ́po 3, ìdá 1 nínú 9. Alákàrà tó wà ní òdìkejì títì sàn ju ọmọ yẹn lọ fíìfíì. Ọmọ náà ò lè sún sẹ́yìn, torí ó di irin mú. G-clamp sì wà lọ́jà tó lè di irin yẹn mú kó má sì mì. Kí ló dé tí ọmọ ọlọ́mọ á máa ṣe iṣẹ́ clamp?

Nàìjíríà ní Factories Act, ó sì mẹ́nu ba ààbò ojú. Àmọ́ ta ló máa gbé òfin yẹn dé abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ní Bẹẹrẹ? Lójú tèmi, ìwé méjì ló lágbára ju ti ìjọba lọ níbẹ̀. Èkíní ni ìwé àdéhùn tí òbí ń fọwọ́ sí kí ọmọ tó wọ iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: ìbòjú kan fún ọmọ, nọ́ńbà 10 ó kéré tán, kó tó di irin mú. Ọ̀gá tó lówó ẹ̀rọ ò lè sọ pé òun ò rówó ìbòjú. Kí ọ̀gá sì fi ẹ̀rọ fáìlì ha zinc kúrò lójú ibi tó fẹ́ jó, kí òun àti ọmọ fi imú bo nígbà tó bá ń ha á, kí wọ́n sì dúró síbi tí atẹ́gùn á ti máa gbé èéfín lọ kúrò lójú wọn. Ọmọ tí ibà bá mú lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jó galvanized, ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì malaria fún un kí ẹ tó fún un ní oògùn. Tí kò bá lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni, kíá.

Ìwé kejì ni rìsíìtì tiwa, àwa oníbàárà. A mọ bí a ṣe ń ná géètì títí ọ̀gá á fi bú sẹ́rìn-ín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin náà ẹ bá ọmọ yẹn ṣọ́ ojú tiẹ̀. Tí ẹ bá tún gbé iṣẹ́ lọ, kí ẹ tó ka owó àsansílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè: "Ọ̀gá, ìbòjú ọmọ yìí dà?"