Má Fi Ọgbẹ́ Ibi Iṣẹ́ Pamọ́ Nítorí Ìbẹ̀rù Ọ̀gá

A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ìwé yìí nípa omi mímu, ẹ̀fọn, ọwọ́ fífọ̀ àti bí a ṣe ń lo oògùn. Ọgbẹ́ kan wà tí a kì í sábà dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ó pọ̀ láàárín wa ní Kúdẹtì, Ìdí-Arẹrẹ, Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba. Òun ni ọgbẹ́ tí èèyàn gbà níbi iṣẹ́, tó wá ń fi pamọ́ kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa tí a wà nídìí oògùn títà ń rí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin á dé lálẹ́, á ti fi àkísà di ọwọ́. Bí a bá bi í pé kí ló ṣe é, á ní òun ṣubú nílé ni. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ kì í parọ́. Ọwọ́ tí ẹ̀rọ fà ya yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀bẹ ìdáná gé. Awọ tí kẹ́míkà bó yàtọ̀ sí èyí tí omi gbígbóná bó. Ìyá mìíràn á máa ra oògùn ikọ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kò ní sọ pé inú eruku fúláwà nílé búrẹ́dì tàbí eruku pákó níbi ìlagi lòun ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí a bá wá tẹ̀ ẹ́ nínú, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Wọ́n á lé mi."

Ìpamọ́ yìí ń pa èèyàn lára lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú. Ẹni tí irin dídọ̀tí gún nílò kí a fọ ọgbẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí a sì wò ó bóyá ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹni tí kẹ́míkà ta sí lójú nílò omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì sáré lọ sí ọsibítù. Bí a kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, oògùn ìrora nìkan la ó máa tà. Àwọn kan ń gbé diclofenac mì lójoojúmọ́ kí wọ́n lè dúró nídìí ẹ̀rọ, títí tí inú á fi dégbò tàbí tí kíndìnrín á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Àwọn mìíràn bọ́ sórí tramadol, ìyẹn sì ti di wàhálà mìíràn.

Èkejì ni ẹ̀rí. Ohun tí ẹ bá sọ ní Adéọ̀yọ́ tàbí ní UCH ni wọ́n máa kọ sínú káàdì yín. Bí ẹ bá ní ilé lẹ ti ṣubú, ilé ni wọ́n máa kọ. Tó bá di oṣù kẹfà tí ìka yẹn kò ṣeé ká mọ́, tí ẹ wá ń sọ pé ibi iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, káàdì ọwọ́ yín ni wọn yóò fi dá yín lóhùn.

Mi ò ní pe àwọn ará wa yìí ní ojo. Ìbẹ̀rù wọn nídìí. Lábẹ́ Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa, tí àdéhùn ẹni kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n nílò láti dá a dúró. Ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́, tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ìró ohùn máníjà ni ìwé tirẹ̀. Ó ní owó ilé láti san, owó iléèwé ọmọ ń bẹ níwájú, àwọn tó ń wá iṣẹ́ sì tò sẹ́nu géètì. Ẹ ò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó kàn lọ máa jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìbẹ̀rù yìí ń gbé èèyàn dé tí a bá fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ara ògiri ilé alájà púpọ̀ kan tó ń jẹ́ Rana Plaza, nítòsí Dhaka ní Bangladesh, là. Báńkì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọn. Àwọn tó ń rán aṣọ lókè kò fẹ́ wọlé lọ́jọ́ kejì, àmọ́ wọ́n halẹ̀ mọ́ wọn pé owó oṣù wọn yóò bá a lọ. Wọ́n wọlé. Ilé náà wó, ó sì pa èèyàn tó lé ní 1,100, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Wọ́n mọ̀ pé ògiri ti là. Ìbẹ̀rù àtijẹ ló tì wọ́n wọlé.

Ní tiwa, òfin kan wà tó yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀. Employees' Compensation Act ni wọ́n ń pè é, ọdún 2010 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Àjọ NSITF ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò àjọ náà. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó fara pa, ẹni tí iṣẹ́ kó àrùn bá, àti ẹni tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ sí lójú ọ̀nà láàárín ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó gbára lé olóògbé lè máa gba ìdá 90 nínú 100 owó oṣù ọkọ rẹ̀. Òfin náà tún sọ pé àdéhùn tí wọ́n bá mú òṣìṣẹ́ ṣe pé kò ní béèrè ẹ̀tọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ àpò yẹn. Orúkọ tí a fún owó náà ń ṣì wá lọ́nà. Bí a bá ti gbọ́ "gbà má bínú", a rò pé ọ̀gá la fẹ́ lọ bẹ̀ kó ki ọwọ́ sápò tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ti san ìdá kan rẹ̀ kò ní ìdí láti bínú sí ẹni tó fara pa, nítorí tìtorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń san án. Ní tèmi, ọ̀gá tó bá ń halẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ bi pé, "Ẹ ti san ti yín bí?"

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìtọ́jú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ sì sọ òtítọ́ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Láàárín ọjọ́ 14, ẹ sọ fún máníjà tàbí ẹni tó ń darí iṣẹ́: orúkọ yín, ọjọ́ àti àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á. Kò nílò èdè lọ́yà. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù kí ọjọ́ rẹ̀ lè wà nílẹ̀. Ọ̀gá ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ náà létí. Ọdún kan ni ẹ ní láti béèrè owó náà. Ẹ tọ́jú káàdì ọsibítù, rìsíìtì oògùn àti àwòrán ọgbẹ́ náà. Bí wọ́n bá lé yín nítorí rẹ̀, Legal Aid Council wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ fún ẹni tí kò lówó lọ́yà, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, sì ń jókòó ní Ìbàdàn níbí.

Àwọn kan á ní, "Kádàrá ni, ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun." A gba kádàrá gbọ́, ọ̀kan nínú òpó ìgbàgbọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kádàrá mú ṣàìsàn ṣì ń lo oògùn, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ṣì ń béèrè owó rẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ bí ẹ̀sìn wa ṣe le tó lórí owó ọmọ òrukàn. Bí bàbá bá kú sẹ́nu iṣẹ́, tí àwa ẹbí dákẹ́ nítorí pé a ò fẹ́ kí ọ̀gá bínú, ta ni a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣèrè yẹn?

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe nìyí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù ọ̀gá. Kí a má jẹ́ kó dá lọ. Mọ́ṣáláṣí tó ní àwọn tó ń bẹ aláìsàn wò lè yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan sí i, tí wọn yóò máa bá ẹni tó fara pa kọ ìwé, tí wọn yóò sì bá a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti sùúrù. Ọ̀gá tó lè lé ọmọ kan kúrò láìwẹ̀yìn á ronú lẹ́ẹ̀mejì bó bá rí àgbà méjì tó bá a wá. Nígbà tí owó kò sì tíì jáde, sàká àti sàráà wa kò gbọdọ̀ gbàgbé ilé yẹn.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ tó wà nínú ìjọ wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé búrẹ́dì, tẹ́ ẹ ń mọ búlọ́ọ̀kù, tẹ́ ẹ ń ṣe omi inú ọ̀rá, ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba ₦70,000, ìdá kan yẹn kò ju ₦7,000 lóṣù. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan nínú yín pé òṣìṣẹ́ á máa purọ́ ọgbẹ́. Àkọsílẹ̀ kíá àti ìwé dókítà ló ń tú irọ́ fó, kì í ṣe ìhàlẹ̀. Ìhàlẹ̀ ló ń sọ olóòótọ́ di òpùrọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oògùn.

Gbogbo wa la mọ ohun tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa nípa òógùn òṣìṣẹ́ àti owó rẹ̀. Bí òógùn bá níyì tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kọ́?

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwọn ọmọ wa tó ń jáde lówùúrọ̀, kó máa dá wọn padà lódindi. Àmín.