Ẹnu iṣẹ́ ni ìpè ti bá Babalọlá

Lóde òní, bí ọ̀dọ́ mìíràn bá ti ní Ọlọ́run pe òun, iṣẹ́ òòjọ́ parí nìyẹn. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ á ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, àgbẹ̀ á gbàgbé ọkọ́ sóko, wọ́n á wá jókòó de oyè pásítọ̀ nígboro.

Ìtàn Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Odò-Ọwá, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, tí wọ́n bí lọ́dún 1904 yìí, rólà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún ìjọba. Ẹnu iṣẹ́ ló wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ lóṣù kẹwàá ọdún 1928, tí rólà náà kú lójijì, tó sì gbọ́ ohùn tó ń pè é lórúkọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́rìí.

Lóòótọ́, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ wá ipò. Ìlú rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wàásù, àwọn kan sì pè é ní wèrè. Ẹ̀yìn èyí ni ìsọjí Òkè-Oòyè, ní Iléṣà, wáyé lọ́dún 1930.

Mósè ń da ẹran, Pétérù ń pẹja, kí ìpè tó dé. Ìyá tó ń ta gaàrí tí kò fi òṣùwọ̀n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni. Olùkọ́ tó gbà láti lọ sí abúlé tí kò níná, míṣọ́nnárì ni. Ó yẹ kí òbí àti ìjọ máa sọ èyí fáwọn ọmọ, kí wọ́n sì yé fi oyè ṣe òṣùwọ̀n ìgbàgbọ́. Bí gbogbo ẹni tí a pè bá kó lọ sígboro, ta ni yóò wàásù lóko?