IṢẸ́ ỌWỌ́ ẸNI: Ẹ Má So Hámọ́kì Mọ́ Òpó Ilé

Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì mi tí n kò lè fi di ọ̀la, nítorí pé wọ́n ti ra okùn ná. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ni ó kọ ọ́. Ó ní bàbá àwọn ọmọ òun, tí ó jẹ́ tíṣà, ti ra ibùsùn àsorọ̀ tí à ń pè ní hámọ́kì, kí ó lè máa fi na ẹ̀yìn bí ó bá ti ilé ìwé dé. Kò sí igi kankan ní ojúde wọn. Bàbá náà ti wá pinnu pé òpó méjì tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òun yóò so ó mọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ìyá ní ọkàn òun kò balẹ̀, ó ní kí n bá wọn dá sí i.

Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ bá mi sọ fún Tíṣà pé mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má ṣe é. Mo ti ṣe é rí.

Àkókò ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé ni, ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Òpó búlọ́ọ̀kù ni òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n rẹ́ ẹ dáadáa, ó dán, ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé erin kò lè mì ín. Mo so hámọ́kì mọ́ ọn, mo sì fa okùn náà títí ó fi le bí okùn tí a ń sá aṣọ lé, nítorí mo rò pé bí ó bá ti le tó ni yóò ti dára tó. Ọmọ mi kékeré kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é pé kí ó wá jẹun, ó sọ̀kalẹ̀, èmi náà sì lọ jókòó níbẹ̀. N kò tí ì gbé ẹsẹ̀ kejì kúrò nílẹ̀ tí mo fi gbọ́ “pàà!” Òpó apá òsì ti ya ní ìdí, ó sì wó lulẹ̀ gbì, ní ibi tí orí ọmọ náà wà ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Ejìká mi bó, ṣùgbọ́n ẹnu ọpẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tí a wo inú òpó náà, a kò rí irin kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ kí ó lè gbé òrùlé, wọn kò kọ́ ọ kí a máa fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ óò bi mí pé, ṣé èmi wúwo tó ohun tí ó lè fa òpó lulẹ̀ ni? Ẹ̀yin tíṣà, ẹ lè fi ìdáhùn rẹ̀ han àwọn ọmọ kíláàsì yín. Ẹ so garawa omi mọ́ àárín okùn, kí ọmọkùnrin méjì di okùn náà mú ní ìhà méjèèjì. Bí okùn bá rọ̀ sílẹ̀ dáadáa, wọn yóò gbé garawa náà láìlàágùn. Ẹ wá ní kí wọ́n fà á títí yóò fi gún régé. Wọn yóò fà á títí ọwọ́ yóò fi máa dùn wọ́n, kò sì ní gún. Omi inú garawa kò pọ̀ sí i. Okùn ni wọ́n fà le.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ká ní ẹni tí yóò sùn wúwo tó 80 kílò. Bí okùn tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 bá wá sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, 80 kílò ni okùn ìhà kọ̀ọ̀kan yóò máa fà. Ṣùgbọ́n bí okùn tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 bá wá sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 péré, okùn kọ̀ọ̀kan yóò máa fa 240 kílò, ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ẹni náà! Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Àwọn tí wọ́n ni hámọ́kì láti ìbẹ̀rẹ̀ kò fà á le. Àwọn ọmọ onílẹ̀ erékùṣù Karibíánì ni Columbus àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ bá tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ ní 1492. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àríwá ilẹ̀ Bràsíìlì ni hámọ́kì jẹ́ ibùsùn fún. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun, wọ́n á sì sùn ní ìdábùú díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ̀yìn wọn lè nà.

Nísinsìnyí, ohun tí Tíṣà yóò ṣe rèé. Kí ó fi igi méje kan ìdúró fún hámọ́kì rẹ̀: mẹ́fà fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún ìdábùú. Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ọ̀pá ìdábùú gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 11. Èyí wà fún hámọ́kì tí aṣọ rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10.

Ọparun dára fún iṣẹ́ yìí, ó le, kò sì wúwo. Kí ọ̀pá ìdábùú nípọn tó íǹṣì 3, kí ó sì gún. Ẹ má ra èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán ní tútù yọ̀yọ̀, ọmọdé ni. Èyí tí ó ti gbó, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú díẹ̀, ni kí ẹ mú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí adùn inú rẹ̀ tí kòkòrò fẹ́ràn lè jáde, kí ẹ wá gbé e dúró sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn rárá, yóò là. Okùn ni ọ̀rẹ́ ọparun.

Èkíní, ẹ tẹ́ igi ẹsẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ fi íǹṣì 6 sílẹ̀ ní orí wọn, kí ẹ wá fi okùn hun wọ́n bí ẹni ń hun ẹní: kí ó gba òkè igi kìíní, kí ó gba abẹ́ ìkejì, kí ó gba òkè ìkẹta, kí ó tún padà, títí yóò fi yí wọn ká ní ìgbà mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba okùn náà kọjá láàárín igi àti igi ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó fún ìdè àkọ́kọ́ mọ́ra, kí ẹ sì ta á ní kókó. Ẹni tí ó ti ṣe Sìkáòtù rí mọ ìdè yìí. Ẹ ṣe mẹ́ta kejì bákan náà.

Èkejì, ẹ gbé wọn dúró, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn kí àlàfo ẹsẹ̀ kan sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Kí ẹsẹ̀ méjì wà ní ọ̀tún àti òsì, kí ìkẹta kọjú síta, kí ó má baà kọlu ẹni tí ó sùn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun gan-an sì ni agbára iṣẹ́ náà: ẹ fi okùn so ìdí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yíká. Bí a kò bá ṣe èyí, ẹsẹ̀ yóò yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ yóò sì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ iyanrìn, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sí abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé ọ̀pá ìdábùú sí gàgá orí ẹsẹ̀ mẹ́ta méjèèjì, kí ó yọ síta ní íǹṣì 6 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dè é mọ́ wọn dáadáa. Ọ̀pá yìí ni yóò ṣe iṣẹ́ tí òpó mi kò lè ṣe. Bí okùn bá ń fa ìhà méjèèjì wá sí àárín, òun ni yóò máa tì wọ́n padà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ so okùn hámọ́kì mọ́ ọ̀pá ìdábùú ní orí ẹsẹ̀ mẹ́ta gan-an, kí oríkèé ọparun kan wà níwájú rẹ̀ níhà inú, kí okùn má baà yọ̀ lọ sí àárín. Kí okùn náà nípọn tó ìka ọwọ́ kékeré. Ẹ jẹ́ kí hámọ́kì rọ̀ sílẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó sínú rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀ lọ, bí ìgbà tí ó jókòó sórí àga.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, ẹ kó àpò ìrẹsì méjì sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan 50 kílò. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ọmọdé má sún mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí ìdè kan bá dẹ̀, ẹ tún un dè. Bí igi kan bá ń ké, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí oko tàbí sí ilé àna, ẹ tú okùn ìdí ẹsẹ̀, ẹ pa ẹsẹ̀ mẹ́ta pọ̀ bí agboòrùn. Ìdì méjì àti ọ̀pá kan ni yóò dì, yóò sì gba orí ọkọ̀. Ẹ má fi okùn ọ̀rá sílẹ̀ sínú oòrùn, oòrùn máa ń jẹ agbára rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọparun, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Kí ó di igi ìdáná.

Ìyá, bí ọparun bá nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó gbẹ, kí Tíṣà fi sùúrù sùn sórí ẹní ní Sátidé yìí. Okùn tí wọ́n ti rà kò ní ṣòfò. Kí wọ́n fi í de igi, kí wọ́n sì fi òpó ilé sílẹ̀ fún òrùlé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.