Ọmọ tí kò ríran náà ní eyín tó yẹ ká tọ́jú

Eyín dídùn kì í yan ẹni tó ríran sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò ríran. Àmọ́ ọmọ tó ń ríran lè wo dígí kó rí àmì dúdú lára eyín rẹ̀, tàbí kó rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́ tó tu. Ọmọ tó ní ìpèníjà ojú kò rí èyí rárá. Ìgbà tí eyín bá ń dùn ún tí kò jẹ́ kó sùn ló máa ń mọ̀, nígbà yẹn, ó lè jẹ́ pé yíyọ ló kù.

Ní Deïdo, nílùú Douala, ilé ìwòsàn ìjọba wà. Láti ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, ọdún 2010 sì ni orílẹ̀èdè Cameroon ti ní òfin tó dáàbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ní Nàìjíríà, ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu irú òfin bẹ́ẹ̀. Òfin ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè la ẹnu ọmọ wò.

Àwọn kan á ní ibà ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ gbájú mọ́, pé dókítà eyín gan-an kò tó. Òótọ́ ni pé wọn kò tó: gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe sọ, láàárín ọdún 2014 sí 2019, dókítà eyín kan ló wà fún nǹkan bí 30,000 ènìyàn nílẹ̀ Áfíríkà. Ìdí nìyí gan-an tí kò fi yẹ ká dúró dìgbà tí eyín bá bàjẹ́.

Ohun tí à ń béèrè kò wọ́n. Àwọn dókítà eyín máa ń ṣàlàyé fún ọmọ, wọ́n á fi irinṣẹ́ hàn án, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Fún ọmọ tí kò ríran, ọwọ́ ni ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan àga àti irinṣẹ́, kó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lókèèrè kó tó sún mọ́ ọn. Ẹ má ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìsọ̀rọ̀. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ méjì ní Íńdíà, Hebbal àti Ankola, gbé ọ̀nà kan jáde: ọmọ á gbọ́ àlàyé, á fi ahọ́n tọ́ eyín rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà á fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Olùkọ́ lè kọ́ ọmọ báyìí láìsí dókítà níbẹ̀.

Oògùn náà wà. Lọ́dún 2021, WHO fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride àti oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní silver diamine fluoride sínú àkójọ àwọn oògùn tó ṣe pàtàkì. Oògùn olómi yìí máa ń dá eyín tó ń jẹrà dúró láìlo ẹ̀rọ tó ń pariwo. Ojú ibi tó ti jẹrà máa ń dúdú, nítorí náà, ẹ sọ fún òbí kẹ́ ẹ tó fi sí i.

Kí ìjọba so ilé ìwé àwọn ọmọ tí kò ríran kọ̀ọ̀kan mọ́ ilé ìwòsàn eyín kan, kí dókítà máa yẹ ẹnu wọn wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní Èkó, ilé ìwé Pacelli ti wà ní Sùúrùlérè láti ọdún 1962, LUTH tó ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín kò sì jìnnà sí i. Ohun tó ṣeé ṣe níbẹ̀ ṣeé ṣe ní Deïdo.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa la ẹnu ọmọ yín wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé súìtì àti bisikíìtì lọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín rọ́pò rẹ̀.

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Eyín tó bá ti bàjẹ́ tán, owó tí yóò ná òbí àti ìjọba yóò ju ti búrọ́ọ̀ṣì lọ.