Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀sìn Adúláwọ̀ Òkè Òkun Ló Jẹ́ ti Yorùbá

Àṣìṣe ńlá ni bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan ṣe ń ka gbogbo ẹ̀sìn tí àwọn tí a kó lẹ́rú gbé dé òkè òkun mọ́ ẹ̀sìn òrìṣà. Ní Háítì, èdè Fọn ni orúkọ Vodou ti wá. Lwa ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń bọ. Ọ̀wọ́ Rada ń rántí ìlú Allada ní Benin. Ọ̀wọ́ Nago, níbi tí Ògún ti ń jẹ́ Ogou, ló jẹ́ ti Yorùbá. Ipa àwọn ará Kóńgò sì hàn nínú ọ̀wọ́ Petwo. Nínú Candomblé ilẹ̀ Bràsíìlì, òrìṣà ni àwọn Ketu ń bọ, vodun ni ti Jeje, nkisi sì ni ti Angola. Ní Kúbà, Lukumí jẹ́ ti Yorùbá, Palo jẹ́ ti Kóńgò.

Lóòótọ́, wọ́n ń yá nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn Fọn pàápàá gba Ifá, wọ́n sì ń pè é ní Fá. Ṣùgbọ́n yíyá kò sọ wọ́n di ọ̀kan náà. Bí àwọn tí ojú wọn rí màbo lóko ẹrú kò bá gbàgbé orísun wọn, àwíjàre wo ni olùkọ́ tó ń dà wọ́n pọ̀ ní? Ohun tó jẹ́ ti Yorùbá níbẹ̀ pọ̀ tó. Kò yẹ kí a tún gba ti aládùúgbò mọ́ ọn.