Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Ará Ìdànrè Náà Sọ Tirẹ̀

Bí ọkọ àti ìyàwó bá fẹ́ ṣègbéyàwó ní Ìdànrè, ìwé jẹ́nótáìpù ni ṣọ́ọ̀ṣì máa ń kọ́kọ́ béèrè: AA, AS tàbí SS. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wa kò parí síbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn oníṣègùn Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àbùdá tí wọ́n ń pè ní PIEZO1 nínú rẹ̀.

Àbùdá yìí ló ń ṣe ẹnu ọ̀nà kan sára sẹ́ẹ̀lì. Bí nǹkan bá tẹ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà á ṣí, kálísíọ̀mù á wọlé. Ardem Patapoutian àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló ṣàwárí rẹ̀ ní 2010. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, bí kálísíọ̀mù bá ti wọlé, pòtásíọ̀mù á jáde, omi á tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì á gbẹ.

Ní 2018, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà ló ní irú PIEZO1 kan, E756del, tí ọ̀nà rẹ̀ kì í tètè tì. Kòkòrò ibà kì í gbádùn sẹ́ẹ̀lì gbígbẹ. Ìwádìí kan ní Gàbọ́n ní 2020 sọ pé E756del ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ibà líle. Èyí tó tóbi tí wọ́n ṣe ní Gánà, tó jáde ní 2022, ní òun kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́? Lójú tèmi, kò sí èyí tó lè gbẹnu sọ fún Ìdànrè nínú méjèèjì.

Àwọn kan á ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti oògùn ibà ló kàn, kì í ṣe àbùdá. Kò sẹ́ni tó ní ká pa nẹ́ẹ̀tì tì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ SS, tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ṣe ń gbẹ tó ló ṣe ń yára tẹ̀ bíi dòjé. Nítorí náà, àbùdá tó ń mú sẹ́ẹ̀lì gbẹ, tó lè ran ọmọ kan lọ́wọ́, lè máa ni ẹlòmíì lára. Ṣé ọ̀rọ̀ à ń gbójú fò nìyẹn?

Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ 90 Yorùbá ní Ìbàdàn fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí ìyàtọ̀ àbùdá ènìyàn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Gbogbo ayé ló ń lò ó. Ó wá kan Ìdànrè báyìí: kí Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà ní ìlú Oǹdó wá síbẹ̀ láti wá PIEZO1, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí, kí wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ ohun tí wọ́n bá rí fún wọn.