Ta Ni Kí Ó Tún Òrùlé Ṣọ́ọ̀ṣì Ṣe?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọba ni olórí rẹ̀, kò ní í ṣagbe owó tí yóò fi tún ilé rẹ̀ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé ìsìn rẹ̀ tó nǹkan bí 16,000, òfin sì ti ka èyí tí ó ju 12,000 lọ nínú wọn sí ohun àjogúnbá tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Síbẹ̀ kì í ṣe ìjọba ni ó ru ẹrù àtúnṣe wọn, bí kò ṣe ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Láyé àtijọ́, gbogbo ará àdúgbò ni a ń bu owó ṣọ́ọ̀ṣì lé lórí, yálà wọ́n ń bá ìjọ sìn tàbí wọn kò bá a sìn. Ní ọdún 1868 ni òfin mú ipá kúrò nínú rẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ta tíì àti àkàrà òyìnbó, ìwé àlòkù àti òdòdó. Ní Sátidé kejì oṣù Kẹsàn-án, tọmọdé tàgbà a máa gun kẹ̀kẹ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀rẹ́ wọn a sì dá owó gẹ́gẹ́ bí iye ibi tí wọ́n dé. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n àkàrà mélòó ni ogún ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn ti darúgbó, yóò yan kí wọ́n tó rí owó òjé tí a fi ń bo òrùlé? Bí wọ́n bá sì rí i, olè lè gòkè lóru kí ó ká a lọ tà. (Ti àdán tún wà níbẹ̀: òfin kò jẹ́ kí a lé e, ẹni tí ó ń gbá ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò lórí àga ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.)

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti owó-orí. £20 ni ìjọba ń gbà lórí £100 iṣẹ́ àtúnṣe. Ní ọdún 2001 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà fún àwọn ilé ìsìn tí òfin dáàbò bò, ṣùgbọ́n ní ọdún 2025 ó pàṣẹ pé ilé kan kò ní í gbà ju £25,000 lọ lọ́dún náà. Lábẹ́ àṣẹ yẹn, ìjọ tí òrùlé rẹ̀ gba £300,000 lọ́dún náà san £60,000 owó-orí. £35,000 wọ ìgbẹ́ nìyẹn. Kí ni ìtumọ̀ kí a fi òfin de ènìyàn pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé wó, kí a sì tún gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń gbé e ró?

Àwọn kan ń wí pé ẹni tí kò sin Ọlọ́run níbẹ̀ kò ní gbèsè kankan. Àwa kò gbà. Aago tí ó wà lára ilé gogoro ń sọ àkókò fún gbogbo ìlú. Nínú ọgbà rẹ̀ ni a sin àwọn baba wọn sí. Lára ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kọ orúkọ àwọn ọmọ àdúgbò tí ogun 1914 sí 1918 pa. Kí wọ́n dá owó. Kí ìjọ pẹ̀lú má sì ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé. Bí a bá ní láti kó àga díẹ̀ kúrò lẹ́yìn kí a lè rí àyè fún ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ dáyósíìsì, kí wọ́n sì kó o. Púpọ̀ nínú àga wọ̀nyí kò ju ayé Ọbabìnrin Victoria lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ti wà ṣáájú wọn.